Ìkúnlẹ̀ Níta Ilẹ̀kùn Mísíìsì

Ilé tí a gbé lọ́dún yẹn kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Morris Heights ni, ní Bronx, ilé alájà púpọ̀ kan tí bíríkì rẹ̀ pupa, tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Láàárọ̀, híítà á máa súfèé, á tún máa lu irin ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Réluwéè á gba orí afárá irin kọjá, ife orí tábìlì á máa gbọ̀n. Obìnrin ará Dominican tó ń gbé lókè wa á tan rédíò, àwọn ará Ghana apá ọ̀tún á máa gún fùfú, omi á máa ṣàn nínú ògiri. Ní Ìsẹ́yìn tí mo ti wá, bí mo bá gbọ́ ariwo, mo mọ ẹni tó ń pa á, mo sì lè pe onítọ̀hún lórúkọ kó dá mi lóhùn. Ariwo ti Bronx ò lórúkọ. Mo lè jókòó sáàárín rẹ̀ láti ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé, ọmọ yìí, báwo ni.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo dé ibẹ̀. Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́njú, màmá mi sì ti wá sí Amẹ́ríkà láti ìgbà tí ìyá àgbà ṣì ń pọ̀n mí. Ìyá àgbà ló tọ́ mi, àwọn ni mo ń pè ní Ìyá. Màmá mi jẹ́ ohùn kan nínú fóònù tó máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, gbogbo ará ilé ló ń sọ ohun tí mo máa rí lọ́hùn-ún, yìnyín, ilé gogoro, ṣokoléètì. Ìyá ò sọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Wọ́n dì mí mú lápá, wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, gbogbo ohun tí o kó sínú báàgì yẹn lè sọnù. Má jẹ̀ẹ́ kí orúnkún ẹ sọnù. Ẹni tó bá rí orúnkún ẹ nílẹ̀ á mọ̀ pé ilé rere lo ti wá." Mo kúnlẹ̀ fún wọn níbẹ̀ nínú eruku, wọ́n sì gbàdúrà fún mi títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Èmi gbà pé kò sí ibi tí orúnkún ò ti ní wúlò láyé.

Màmá mi pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú kóòtù kan tó tóbi jù mí lọ. Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ ara wa. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé. Láàárọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Mísíìsì Odell, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ilé wa níbẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Fordham, lọ tọ́jú bàbá arúgbó kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú òun. Bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ìrẹ̀sì kaná, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, Àṣàkẹ́," oorun á sì gbé wọn lọ lórí àga pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mò ń wà nínú ilé lẹ́yìn ilé ìwé. Òfin mi kò pọ̀: má ṣílẹ̀kùn, má tan sítóòfù, má sọ̀rọ̀ sókè kí ará ilé kan má baà lọ sọ fún ìjọba pé wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Òfin kẹta yẹn ló rọrùn jù, ta ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Nígbà tí Mísíìsì Odell gbọ́ pé ọmọ kan ń dá jókòó lókè àwọn, wọ́n ní kí màmá mi máa rán mi wá sọ́dọ̀ àwọn títí wọ́n á fi dé.

A jọ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mísíìsì jókòó létí fèrèsé, wọ́n ga kódà lórí àga, irun wọn funfun báláú, ẹsẹ̀ wọn wú, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń rìn wà níwájú wọn. Mísíìsì yìí, àwọn ni wọ́n ní ká máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti sọ fún màmá mi pé níbi tí wọ́n bí àwọn sí, òyìnbó tí kò tíì hu irùngbọ̀n ń pe ìyá àwọn lórúkọ gbọnrangandan, nítorí náà nínú ilé tàwọn, Mísíìsì. Ó tẹ́ màmá mi lọ́rùn gan-an, nítorí wọn ò lè pe àgbàlagbà lórúkọ kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà dù wọ́n. Màmá mi fi ìka gún mi léjìká. "Oya, kí wọn." Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, bí Ìyá ṣe kọ́ mi. "Ẹ káàsán mà." Mo ń retí àdúrà. Ohun tí mo gbọ́ ni ife tíì tó dà sílẹ̀. "Gbé e dìde! Gbé ọmọ yẹn kúrò nílẹ̀ ilé mi!" Gẹ̀ẹ́sì ni Mísíìsì fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń rántí gbogbo ohun tí obìnrin yẹn bá mi sọ, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Màmá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Sorry ma. Bá a ṣe ń kíni nílé nìyẹn, ma. It's respect, ma." Mísíìsì ní, "Mo mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́. Ẹ má kọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Ṣé o gbọ́ mi, Baby?" Mo dúró, mo gbọ́, ojú sì tì mí débi pé etí mi ń hó.

Lórí àtẹ̀gùn, màmá mi di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Wọn ò fẹ́ràn wa. Wọ́n rò pé orí igi là ń sùn." Wọ́n tún pe Mísíìsì lórúkọ kan tí àwọn èèyàn wa máa ń pe àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí mi ò ní kọ síbí. Lẹ́yìn náà wọ́n mí kanlẹ̀. "Àmọ́ mi ò níbòmíì tí mo máa fi ẹ́ sí. Wàá lọ. Wàá sì máa kúnlẹ̀ kí wọn. Ọmọ mi ò ní ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ torí America." Mo ní, "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, mà." "Èmi ní o gbọ́dọ̀." Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi ni adìẹ ọ̀hún. Bí mo bá kúnlẹ̀, mo pàdánù ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti gbà kí n wá. Bí mi ò bá kúnlẹ̀, kí ni mo máa sọ fún Ìyá lórí fóònù?

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbà mí. Lọ́jọ́ kejì tí mo ti ilé ìwé dé, mo gbé báàgì mi sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn Mísíìsì tó wà ní títì, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo kúnlẹ̀ sórí táìlì tútù níbẹ̀. Mo rọra ní, "Ẹ káàsán mà." Mo dìde, mo gbọn orúnkún mi, mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà, mo sì wọlé lóòró gangan, bí Mísíìsì ṣe fẹ́. Nígbà tí màmá mi bi mí, "Ṣó o kúnlẹ̀?" mo ní, "Mo kúnlẹ̀, mà," òótọ́ ni mo sì sọ. Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Obìnrin ará Dominican bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́. Ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú láyà, ó yọ́ kọjá. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń kọjá níbẹ̀, òun náà á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà díẹ̀, kò fẹ́ kí ìbùkún kọjá òun. Ní ilé wa, bí ọmọ bá kúnlẹ̀, àgbà á dáhùn: káàbọ̀, ọmọ mi, wàá dàgbà, wàá dogbó, Olúwa á máa wò ẹ́. Ilẹ̀kùn kì í dáhùn. Síbẹ̀ mo máa ń dúró díẹ̀ lórí orúnkún mi, ìwọ̀n ìgbà tí Ìyá máa fi gbàdúrà tán. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi: ẹsẹ̀ Mísíìsì wúwo, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ibikíbi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ aago báyìí, ilẹ̀kùn á ṣí.

Nínú ilé wọn, oúnjẹ ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Mísíìsì gbé abọ́ kan síwájú mi, wọ́n pè é ní grits. Mo tọ́ ọ wò. Ẹ̀kọ ni, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n fi bọ́tà àti iyọ̀ sí. Lọ́jọ́ mìíràn, ilá ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀wà wa gan-an, tojú dúdú tojú dúdú, nínú ìkòkò obìnrin tí kò dé ilẹ̀ Yorùbá rí. Mo sunkún sórí abọ́. Mísíìsì bi mí pé kí ló dé, mo ní ata ni. Wọ́n ní, "Baby, kò sí ata níbẹ̀." Wọn ò bi mí mọ́, wọ́n kàn tún bù fún mi. Baby ni wọ́n ń pè mí lójoojúmọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ilé wa ọmọ tí kò tíì hu eyín là ń pè ní bébì. Lẹ́yìn oúnjẹ, iṣẹ́ mi ni kí n fọ abọ́, kí n fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n wá jókòó sórí àpótí kékeré níwájú wọn, kí n fi ìpara pa ẹsẹ̀ wọn. Ibi tí mo ti ń pa ẹsẹ̀ yẹn ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ti ìyá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. "Inú ilé òyìnbó ni ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi ń gbà wọlé, orí orúnkún ni wọ́n ti ń fọ ilẹ̀, láti yàrá dé yàrá. Bí wọ́n bá dé, èmi ni mò ń fi òróró pa orúnkún náà fún wọn, bí o ṣe ń pa ẹsẹ̀ mi yìí. Ó ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo búra pé ọmọ kankan ò ní kúnlẹ̀ níbi tí mo bá wà." Mo wolẹ̀, mo tẹra mọ́ ìpara. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tàwọn ṣe lọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbi tí wọn kì í ti í ta oúnjẹ fún adúláwọ̀, tí wọ́n ní kọfí làwọn fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó yí wọn ká, wọ́n ń da ṣúgà àti tòmátì inú ìgò sí wọn lórí. Mo rò pé Mísíìsì á ní ẹ̀rù ba àwọn. Wọ́n ní, "Irun mi ló dùn mí jù. Odindi ọ̀sán ni ìyá mi fi ń fi irin gbígbóná nà án fún mi." Wọ́n fọwọ́ kan orí bí ẹni pé ṣúgà náà ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ti ọlọ́pàá tó tú ajá sí wọn, mo bi wọ́n pé, "Kí lorúkọ ajá náà, mà?" Ní Ìsẹ́yìn, kò sí ajá àdúgbò wa tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mísíìsì bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. "Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìyẹn rí! Mi ò mọ ti ajá. Ẹni tó di okùn ajá mú ni mo mọ̀. Odò kan náà ni èmi àti ẹ̀ ti ń pẹja nígbà tá a wà lọ́mọdé." Ẹ̀rín náà lọ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní ilé ìwé mi, ojú ìwé kan ni gbogbo ìjà ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀ yìí gbà, pẹ̀lú fọ́tò àwọn èèyàn tó tò lójú títì. Tíṣà kà á kọjá kí aago ìsinmi tó lù. Mo sọ fún Mísíìsì pé àwọn èèyàn inú fọ́tò náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. "Dákẹ́ kẹ̀! À ń kọrin. Àwọn kan ń sunkún. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ń ráhùn látàárọ̀ pé bàtà ń ta òun lẹ́sẹ̀. Fọ́tò ni kò létí."

Mo ti dàgbà báyìí, ewú ti yọ níwájú orí mi, mo sì mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ò mọ̀, pé Mísíìsì dá wà jù mí lọ. Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé ní Gúúsù, ó ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn, wọ́n á dárúkọ ẹnì kan tó jókòó lápá ọ̀tún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Òun náà ti lọ." Wọ́n á dárúkọ ẹlòmíràn, òun náà ti lọ. Kò ku ẹnì kan tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n lè sọ ọ́ fún ni èmi, àlejò tí kò ju ọmọ kékeré lọ, tí mò ń bi wọ́n lórúkọ ajá.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dà pọ̀ mọ́ yìnyín, tíṣà wa ní kí oníkálukú mú ẹni tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Gbogbo kíláàsì mú ara wọn tán, ó ku èmi. Tíṣà ní òun ló mú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́ pátápátá. Mo rin òjò dé ilé, mo kúnlẹ̀ níta ilẹ̀kùn Mísíìsì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní, "Ẹ káàsán mà," mi ò sì lè dìde. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu mi. "Ìyá, wọn ò mú mi o. Tíṣà ló mú mi. Otútù ń mú mi, Ìyá, màmá ò sì tíì dé." Mò ń sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn, omi imú àti omi ojú ń pàdé. Ilẹ̀kùn bá ṣí. Mísíìsì dúró níbẹ̀ lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" "Ìyá mi àgbà, mà." "Níbo ni wọ́n wà?" "Ìsẹ́yìn, mà." Mo fẹ́ fò dìde kí wọ́n tó pariwo, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo. Wọ́n fi ìka tọ́ ihò kékeré tó ní gíláàsì lára ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n fi ń wo ẹni tó wà níta. "Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń wò ẹ́ níbí. Ojoojúmọ́ ni mo ń dìde kí o tó dé, kí n wá dúró, kí n wò bóyá wàá ti ṣíwọ́."

Wọ́n mú mi wọlé, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì nù mí lórí, wọ́n sì sọ ìtàn kan tí wọn ò sọ rí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àwa kan múra, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó ìlú wa. A ò mú nǹkan kan dání ju Bíbélì lọ. Àwọn ọkùnrin tó fi òdòdó sáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ibẹ̀ kọ́ ni tiwa, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ṣáájú wa ní ká gbàdúrà níbi tí wọ́n dá wa dúró sí. La bá kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn òkúta. Èmi tí mo ti búra! Mo kúnlẹ̀. Gíláàsì wà lára ilẹ̀kùn náà. Mo rí ọmọbìnrin kan nínú, ó tó ẹ. Mo mọ aṣọ ọrùn ẹ̀, torí ìyá mi ló lọ̀ ọ́ lánàá ọjọ́ náà. Bó bá na ọwọ́, ọwọ́ ẹ̀ máa kan ilẹ̀kùn. Mo wò ó, ó wò mí. Mò ń sọ nínú mi pé, ṣí i, ọmọdé, ṣí i. Kò ṣí i." Híítà súfèé, ó dákẹ́. "Mo bínú sí ọmọ yẹn ju àwọn olódòdó lọ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló ń rò tó ń wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí. Ó ń dúró kí n ṣíwọ́ kí n máa lọ ni. Ohun tí èmi náà ń ṣe sí ẹ nìyẹn, Baby, níbi ihò yìí." Ọ̀rọ̀ náà ga jù mí lọ. Ohun tí mo rí nìkan ni mo lè sọ. Mo ní, "Ẹ̀yin ti ṣí i, mà." Mísíìsì kọjú sí ògiri, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí màmá mi dé, Mísíìsì ò jẹ́ kí wọ́n bọ́ kóòtù. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ní kí ọmọ yìí máa kúnlẹ̀ fún mi?" Màmá mi wò mí, wọ́n rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n jù láti tún bẹ̀bẹ̀, òótọ́ ni wọ́n kàn sọ. "Ma, àwa ò kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń fìyà jẹ wá o. Àgbà là ń kúnlẹ̀ fún. Tí ọmọ bá sì ti kúnlẹ̀, ma, iṣẹ́ ti kan àgbà nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ bless the child, wọ́n gbọ́dọ̀ ní kó dìde. Wọn ò lè fi í sílẹ̀ nílẹ̀, ma. Ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe àgbà." Mísíìsì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá mi dìde rí." Wọ́n bi màmá mi pé kí ni ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá. "Dìde, ma. Dìde, ọmọ mi." Mísíìsì gbìyànjú rẹ̀. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀ nínú ohùn wọn, bí ẹni ń ka nọ́ńbà fóònù ni. Màmá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un kọ́ wọn, ìyẹn náà ò yàtọ̀. Bí mo ṣe ń wò wọ́n, màmá mi kúnlẹ̀. Pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, pẹ̀lú báàgì léjìká, wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ ilé yẹn, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Mísíìsì na ọwọ́ sí wọn lórí. "Dìde, ọmọ mi." Màmá mi ò dìde. Èjìká wọn ń mì. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ilé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún wọn lójúkojú, gbogbo rẹ̀ ń gba inú fóònù wá. Mo lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo sì gbá ẹ̀wù wọn mú. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni èmi àti màmá mi pàdé ní Amẹ́ríkà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ilé ìwé dé, ilẹ̀kùn á ti wà ní ṣíṣí, Mísíìsì á sì ti gbé àga wọn síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà la fi ṣe ààlà: orúnkún mi ò wọ inú ilé, nítorí ìbúra jẹ́ ìbúra. Màá kúnlẹ̀ sórí táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní, "Dìde, ọmọ mi," wọ́n á sì fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà ìyókù, pé kí n ga, kí eyín mi dúró, kí n máa gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé níbikíbi tí mo bá dé. Ilé mi wà ní Co-op City báyìí, ní Bronx náà. Bronx ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ mi, Yorùbá wọn ò sì lókè kò nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Mísíìsì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa tún un ṣe fún wọn. Èmi a máa dákẹ́ kí n lè gbọ́ ọ.

Ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́dún yẹn ni ọmọ Mísíìsì dé, ọkùnrin gíga kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ wọn ti burú sí i, ó fẹ́ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, sí ìlú tí wọ́n ti bí wọn. Kò sí ẹni tó bi mí, kò sì yẹ kí wọ́n bi mí, ṣùgbọ́n mo bínú sí i, mi ò kí i dáadáa. Bó bá mú wọn lọ, ta ni á kù tí á bá mi sọ̀rọ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, mo pa ẹsẹ̀ wọn fún ìgbà ìkẹyìn láàárín àwọn páálí. Wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó tilẹ̀kùn mọ́ àwọn. Mo bi wọ́n pé, "Ṣé wọ́n á ṣí i fún yín báyìí, mà?" "Wọ́n ti ṣí i tipẹ́, Baby. Èmi ni mi ò tíì padà lọ wò ó." Wọ́n di ọwọ́ mi tó ní ìpara mú. "Ìtàn kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ fún ẹ." Ọmọ wọn yọjú, ó ní mọ́tò ti ń dúró. Wọ́n ní àwọn á sọ ọ́ lórí fóònù. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kan, ohùn wọn ò já gaara, wọn ò sọ ọ́. Kí ọdún tó yí, màmá mi sọ fún mi pé Mísíìsì ti lọ. Mi ò mọ ìtàn náà títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kó lọ, mo ti ilé ìwé dé, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò lára aago. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàsán mà." Réluwéè kọjá. Rédíò ń kọrin lókè. Mo wo ihò kékeré tó ní gíláàsì yẹn, òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀, kò sí ojú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró ìwọ̀n ìgbà tí Ìyá máa fi gbàdúrà tán, mo tún dúró ìwọ̀n ti Mísíìsì. Táìlì tutù. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ ò gbọdọ̀ dìde láìjẹ́ pé àgbà ní kó dìde, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, kò sì sí àgbà kankan ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Nígbà tó yá, mo la ẹnu, mo sọ ọ́ fúnra mi, láìsí òkè, láìsí ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. "Dìde, ọmọ mi." Mo sì dìde.